Bátìrì sólà wa kì í kún mọ́ látìgbà tí òtútù ti dé: kí ló ń fà á?

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ sólà ilé wa ní Leeds ní Ìlú Ọba yìí.

Páńẹ̀lì 10 ló wà lórí òrùlé, ìkọ̀ọ̀kan 430 W, àpapọ̀ rẹ̀ 4.3 kW. Òrùlé náà kọjú sí agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ó sì dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 35. Inverter hybrid 3.6 kW (tó ń bójú tó páńẹ̀lì àti bátìrì pọ̀) la fi sí i, pẹ̀lú bátìrì LFP (irú lithium kan) 9.5 kWh tó wà nínú gáréèjì tí kò ní heater. Gáàsì la fi ń mú ilé gbóná. Iná tí à ń lò lójúmọ́ ń lọ sí 14 kWh, ṣáwà oníná 9.5 kW sì wà nínú rẹ̀.

Nínú Oṣù Kẹfà, páńẹ̀lì mú 510 kWh wá. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá títí di ogúnjọ́ rẹ̀, 41 kWh péré ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò tó 1 kWh. Mo ti ṣètò kí bátìrì máa gba iná òru olówó pọ́ọ́kú láti 00:30 sí 05:30, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, 55% ni mo máa ń bá lórí áàpù. Kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ó ti tán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á wà ní 24%, lójijì á já wálẹ̀ sí 6%.

Ṣé páńẹ̀lì ló bàjẹ́ ni, àbí bátìrì? Ṣé kí a fi páńẹ̀lì kún un? Ẹni tó bá wa gbé e sókè sọ pé òtútù ni, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá_Oníná

Àbúrò mi, páńẹ̀lì rẹ kò bàjẹ́. Kì í sì í ṣe òtútù ló ń dín iná rẹ̀ kù. Òtútù gan-an ni páńẹ̀lì ń fẹ́: bí ara rẹ̀ ṣe ń tutù sí i ni agbára rẹ̀ ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀, bíi 0.3% sí 0.4% fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ló wọ́n. Ní Leeds, ní ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan kì í ga ju dígírì 13 lọ sókè ilẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà ó ń lọ sí 60. Ojúmọ́ ìgbà òtútù náà kò ju bíi wákàtí méje àti ààbọ̀ lọ. Ìtànṣán tó fi ẹ̀gbẹ́ wá bẹ́ẹ̀ ti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìkuukùu á tún gba nínú èyí tó ṣẹ́kù.

Páńẹ̀lì 4.3 kW tó kọjú síbi tí tìrẹ kọjú sí ní Leeds máa ń mú nǹkan bíi 75 sí 80 kWh wá ní gbogbo Oṣù Kejìlá. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 2.5 kWh lójúmọ́. Fún ogún ọjọ́, bíi 50 ló yẹ kí o rí. 41 tí o rí kéré díẹ̀, kò kéré débi tí a ó fi pariwo, nítorí ọdún kan máa ń ní ìkuukùu ju òmíràn lọ. Má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ sí PVGIS, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí European Commission gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ ibi tí ilé rẹ wà lórí máàpù, kọ 4.3 síbi agbára páńẹ̀lì, 14 síbi àdánù, 35 síbi ìdagẹ̀rẹ̀, àti 45 síbi tí òrùlé kọjú sí. Lọ́dọ̀ tiwọn, 0 ni gúúsù, 90 ni ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà má kọ 225 bíi ti kọ́ńpáàsì. Á fún ọ ní iye oṣù kọ̀ọ̀kan. Fi Oṣù Kejìlá rẹ̀ wé tìrẹ nígbà tí oṣù bá parí. Bí tìrẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, òjìji ni kí o kọ́kọ́ wá.

Òjìji ìgbà òtútù yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Mú igi kan tó ga ní mítà 15, tó wà ní mítà 30 sí ilé rẹ ní apá gúúsù. Ní ọ̀sán Oṣù Kẹfà, òjìji rẹ̀ kò gùn tó mítà 9, kò sún mọ́ ọ rárá. Ní ọ̀sán Oṣù Kejìlá, òjìji kan náà ti gùn ju mítà 60 lọ nílẹ̀, yóò sì gun ara ilé rẹ dé bíi mítà 8. Ìsàlẹ̀ òrùlé ilé alájà kan níhìn-ín sábà máa ń wà ní bíi mítà 5, ìyẹn ni pé páńẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ ti wọ inú òjìji. Bí igi náà bá tilẹ̀ ti wọ́ ewé, ẹ̀ka rẹ̀ ṣì ń gé oòrùn. Ilé aládùúgbò àti ilé èéfín orí òrùlé ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí tí òjìji kékeré fi ń ṣe ọṣẹ́ ńlá ni pé páńẹ̀lì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá so kọ́ ara wọn ní ẹsẹ kan (string), iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Páńẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní diode mẹ́ta tí ń jẹ́ kí iná yà fún apá tó wà lábẹ́ òjìji, ṣùgbọ́n inverter gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe wá ibi tí agbára ti pọ̀ jù lẹ́yìn ìyẹn. Wọ inú ètò inverter rẹ, wá èyí tí wọ́n ń pè ní shadow scan tàbí global MPPT. Lórí àwọn inverter kan, pípa ni wọ́n ń fi sí títí ẹnì kan á fi tàn án.

Nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ ní ọjọ́ kan, jáde síta láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán. Ya fọ́tò òrùlé náà ní ààbọ̀ wákàtí sí ààbọ̀ wákàtí, kí o sì wo áàpù lásìkò kan náà. Bí oòrùn bá yọ tí òjìji kò sí, òrùlé rẹ yẹ kó lè mú bíi 1.5 kW wá. Bí ìkuukùu bá bo gbogbo ojú ọ̀run, 100 W sí 300 W kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá là ketekete, tí òjìji kankan kò sí, tó sì jókòó sí 400 W, pe oníṣẹ́. Omi ti lè wọ ojú ìsopọ̀ MC4 kan, tàbí kí diode ti jó.

Ní ti 55% yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ páńẹ̀lì rárá. Ìyá Ìbejì mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ.

Ìyá_Ìbejì_Kent

Bàbá, ẹ ṣé, sà. Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ná.

Ká ní 10% ló kù nínú rẹ̀ lóru: láti 10% dé 55% lórí bátìrì 9.5 kWh jẹ́ 4.3 kWh. Ẹ pín in sí wákàtí 5, kò tó 0.9 kW. Inverter 3.6 kW kò ní dédé máa rọra gba iná báyìí. Ó yẹ kó gba nǹkan bíi 1.9 kW kó lè kún láàárín wákàtí márùn-ún, àdánù wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, ohun kan ń fa ìjánu rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta.

Ẹ wo ètò inverter lákọ̀ọ́kọ́. Ibì kan wà tí wọ́n ń kọ agbára tí bátìrì lè gbà, yálà ní wáàtì tàbí ní ampere, ibì kan sì wà tí wọ́n ń kọ ìdá tó yẹ kó dúró sí. Bí ẹnì kan bá kọ 55 síbẹ̀ nígbà ooru, ibẹ̀ náà ni yóò máa dúró sí.

Èkejì ni aago inverter. Wọ́n dá aago padà ní ìparí Oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ inverter kò sì ń yí tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Bí aago rẹ̀ bá fi wákàtí kan ṣáájú, 00:30 tirẹ̀ ni 23:30 tòótọ́: owó iná ọ̀sán lẹ fi ń kún bátìrì fún wákàtí àkọ́kọ́, á sì dúró nígbà tí iná olówó pọ́ọ́kú ṣì ku wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta ni mo fura sí jù: gáréèjì yẹn. Bátìrì LFP lè fúnni ní iná nínú òtútù, gbígba iná ló ń ni ín lára. Bí ó bá tutù dé 0 °C tí a sì ń ti iná sí i, lithium á máa lẹ̀ mọ́ ojú anode (apá inú bátìrì tó yẹ kó gbà á) dípò kó wọ inú rẹ̀, ìbàjẹ́ yẹn kò sì ní àtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí BMS, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, fi ń dá gbígba iná dúró ní 0 °C lórí ọ̀pọ̀ bátìrì, tó sì ti máa ń dín in kù kó tó tutù débẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń dín in láti bíi 10 °C. Ẹ wo ìwé tó bá bátìrì yín wá, tábìlì kan á wà níbẹ̀ tó sọ iye tó lè gbà ní ìgbóná kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìgbóná bátìrì lórí áàpù ní nǹkan bí aago kan òru.

Ní ti 24% tó já sí 6%: fólítì LFP kì í fi bẹ́ẹ̀ yí láti 90% wá sí 20%, nítorí náà BMS kò lè fojú fólítì mọ ohun tó kù. Iná tó wọlé àti èyí tó jáde ló ń kà, àṣìṣe kékeré kékeré á sì máa gorí ara wọn. Kíkún dé 100% ló ń jẹ́ kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Látìgbà tí òtútù ti dé, tiyín kò tíì kún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó kún dé 100%, kó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì.

Ẹ tún yẹ CT wò, ìyẹn ohun kékeré tó ń wọn iná, tó di wáyà tó ti mítà wá mú. Ní alẹ́ tí páńẹ̀lì kò mú nǹkan wá, ẹ pa ohun ńlá ńlá, ẹ tan kẹ́tù 3 kW. Bátìrì yẹ kó tú 3 kW jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ohun tí à ń gbà láti ìta sì sún mọ́ òdo. Bí áàpù bá sọ pé ẹ ń ta iná síta nígbà tí kẹ́tù ń hó, wọ́n ti dorí CT kodò.

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, sà, mà. Mo ti wò ó. Agbára gbígba wà ní 3 kW nínú ètò, ìdá rẹ̀ sì wà ní 100%. Aago inverter fi wákàtí kan ṣáájú lóòótọ́, mo ti dá a padà. Kẹ́tù ṣe bí ẹ ṣe wí, CT dára. Ìgbóná bátìrì ní aago kan òru: 4 °C.

Ṣé mo lè fi heater kékeré síbẹ̀? Àbí kí n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó? Ṣáwà náà ńkọ́: bí a bá ti tàn án, áàpù á sọ pé à ń gba iná láti ìta bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì ṣì ní 50%.

Ìyá_Ìbejì_Kent

4 °C ni ọ̀ràn náà.

Ẹ má fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó o. Bátìrì àti inverter nílò àyè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ yí wọn ká, ìwé wọn á sọ iye sẹ̀ǹtímítà tó yẹ kó ṣófo lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gáréèjì ni kí ẹ mú lọ́wọ̀ọ́rọ́. Ẹ fi rọ́bà dí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi pákó ìdènà òtútù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin náà, nítorí ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé jù. Àwọn bátìrì kan ní heater tiwọn nínú, tí a máa tàn nínú ètò. Ẹ wò ó bóyá tiyín ní. Heater ti ìta kò wù mí: 80 W fún wákàtí 12 ti jẹ́ 0.96 kWh lójúmọ́, nínú gáréèjì tí atẹ́gùn ń wọ̀ kò sì ní ṣe ju díẹ̀ lọ.

Èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ rèé. Ní báyìí bátìrì ń tán ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó tutù fún wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná. Bí owó iná yín bá jẹ́ iye kan náà láti 05:30 títí di 00:30, kò sí èrè nínú kí ẹ lò ó láàárọ̀. Ẹ ṣètò kó má tú iná jáde títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti aago mẹ́rin dé òru á máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yẹn ni yóò mú inú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ́rọ́ ní dígírì mélòó kan, yóò sì bá wákàtí iná òru pàdé kó tó tutù padà. Lórí bátìrì tí BMS ń fa ìjánu rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín 4 °C àti 9 °C lè pọ̀ gan-an.

Bí ẹ bá rò pé ẹ fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí àjà òrùlé. PAS 63100, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2024 lórí ewu iná bátìrì ilé, kò fọwọ́ sí àjà òrùlé, kò fọwọ́ sí yàrá tí èèyàn ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí ọ̀nà àti àtẹ̀gùn tí ẹ ó gbà sá jáde.

Ṣáwà kì í ṣe àbùkù. 9.5 kW ló ń fà, 3.6 kW ni inverter lè fi sílẹ̀, ìyókù gbọ́dọ̀ ti ìta wá, ì báà jẹ́ pé bátìrì kún dẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ṣáwà jẹ́ bíi 1.6 kWh, bátìrì á gbé 0.6 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè wẹ̀ kó tó di 05:30 nìkan ló bọ́ nínú rẹ̀.

Owó ni kí a wá sọ báyìí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ bátìrì wà ní ìgbà òtútù Ìlú Ọba. Ká fi 8 pẹ́ńsì ṣe iye iná òru, 27 pẹ́ńsì ṣe ti ọ̀sán. Àpẹẹrẹ ni, ẹ fi tiyín sí i. Kí ẹ tó rí 8 kWh lò, ẹ máa ti bíi 9.1 kWh wọlé, nítorí nǹkan bí 12% ń sọnù láàárín wíwọlé àti jíjáde. 9.1 lọ́nà 8 jẹ́ 73 pẹ́ńsì. 8 kWh kan náà ní owó ọ̀sán jẹ́ £2.16. Ẹ jèrè £1.43 lójúmọ́. Bí ó bá kún ní ìlàjì, ìlàjì èrè náà lẹ rí, ìyẹn ni pé òtútù gáréèjì yẹn ń jẹ yín ní bíi 70 pẹ́ńsì lálaalẹ́. Iye rọ́bà ilẹ̀kùn kò tó ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, ẹ fi í sí 100% lóru. Bí Oṣù Kẹta bá dé, ẹ dín in sí 60% tàbí 70% kí oòrùn lè rí àyè wọlé. Bí ó bá fi máa di Oṣù Karùn-ún, iná òru kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀ mọ́, àfi bí ilé iṣẹ́ iná yín bá ń ra iná tí ẹ tà ní iye tó ju owó òru lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa ta ti oòrùn, kí ẹ sì máa kún bátìrì lóru yíká ọdún. Smart Export Guarantee, ètò tí ilé iṣẹ́ iná fi ń sanwó iná tí ẹ tà síta, ti wà láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2020. Ìwé ẹ̀rí MCS (pé wọ́n gbé sólà náà sókè bó ṣe yẹ) àti smart meter ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Ẹ rántí láti sọ fún bátìrì pé kó má tú iná jáde láàárín 00:30 sí 05:30. Bí ó bá kún ní aago mẹ́rin, tí ẹ kò sì dá a dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ fíríìjì pẹ̀lú iná tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Mo fara mọ́ ohun tí mà sọ, ṣùgbọ́n èmi ò ní sọ pé kí Àdùkẹ́ má fi páńẹ̀lì kún un. Iye páńẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, iṣẹ́ àti àtẹ̀gùn irin ló ń gbówó. VAT orí rẹ̀ jẹ́ 0% títí di ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta 2027, bátìrì tí oníṣẹ́ wá gbé sílé láìsí páńẹ̀lì sì ti wọ inú ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejì 2024. Bí ògiri tó kọjú sí gúúsù bá wà láìní òjìji, ẹ gbé páńẹ̀lì nàró sára rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wà ní dígírì 13, páńẹ̀lì tó dúró ṣánṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí i tààrà, yìnyín kì í sì í dúró lára rẹ̀. Ní ìgbà ooru kò ní mú tó ti òrùlé wá, ṣùgbọ́n ìgbà ooru kọ́ ni ìṣòro yín.

Bàbá_Oníná

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ ògiri dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ mọ ohun tó ń rà. 2.5 kWh lójúmọ́ láti ara 4.3 kW: kí páńẹ̀lì nìkan tó lè gbé 14 kWh ní Oṣù Kejìlá ní Leeds, ó máa nílò bíi 24 kW, ìyẹn páńẹ̀lì 56. Kò sí òrùlé bẹ́ẹ̀ lórí ilé lásán. Bí o bá ní 10 mìíràn, 2.5 kWh mìíràn lo rí lójúmọ́, bóyá 3 bí ó bá jẹ́ ti ògiri. Bí o bá fẹ́ fi kún un nítorí Oṣù Kejì sí Oṣù Kọkànlá, ó dáa. Bí ó bá jẹ́ nítorí Oṣù Kejìlá nìkan, tún gáréèjì ṣe.

Ohun kan wà tí ń ba inverter jẹ́ ní àárọ̀ òtútù, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń fi páńẹ̀lì kún tirẹ̀ kà á dáadáa. Páńẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní Voc, fólítì tó máa ń gbé nígbà tí a kò fa iná lára rẹ̀. Ká ní 38 V ni lórí ìwé, èyí tí wọ́n wọ̀n ní 25 °C. Bí páńẹ̀lì bá tutù dé -10 °C, ó ti fi dígírì 35 rẹlẹ̀ sí ti ìwé, fólítì á sì gòkè bíi 0.27% fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 9.5%. 38 ti di 41.6. Páńẹ̀lì 10 lẹ́sẹ kan jẹ́ 416 V, kò séwu. Bí ẹnì kan bá fi márùn-ún kún ẹsẹ kan náà, lórí ìwé ó jẹ́ 570 V, inverter tí òpin rẹ̀ jẹ́ 600 V sì dà bí ẹni pé ó gbà á. Ní kùtùkùtù ọjọ́ tí ilẹ̀ dì, bí oòrùn bá ṣe ń yọ, ẹsẹ yẹn á gbé 624 V kí inverter tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ka àbáwọlé rẹ̀ lè jó lójú ẹsẹ̀, wọn kì í sì í dá owó ẹ padà lórí èyí. Ẹsẹ kejì, lórí MPPT kejì (ẹnu kejì tí inverter fi ń gba iná páńẹ̀lì), ni kí páńẹ̀lì tuntun wọ̀.

Ní ti ìwé àṣẹ: inverter tí kò ju 3.68 kW lọ lórí iná ẹlẹ́sẹ kan (single-phase), abẹ́ G98, ìlànà síso inverter mọ́ iná ìta, ló wà, oníṣẹ́ á kàn fi tó ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò létí láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn tó bá parí. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, G99 ni, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Agbára inverter ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye páńẹ̀lì.

Yẹ iná tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ wò pẹ̀lú. Bí ó bá ń jẹ 60 W tọ̀sán-tòru, 1.44 kWh ni lójúmọ́. Ní Oṣù Kẹfà o kò ní mọ̀. Ní Oṣù Kejìlá, ó ju ìlàjì ohun tí òrùlé rẹ mú wá lọ. Àwọn inverter kan ní ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n sùn nígbà tí bátìrì bá ti dé ìsàlẹ̀. Tàn án bí tìrẹ bá ní in.

Àdùkẹ́_Leeds

Sà, ọ̀rọ̀ Voc yẹn, wọ́n fẹ́ so mẹ́rin kún ẹsẹ wa lóòótọ́. Voc tiwa jẹ́ 39 V, òpin inverter 550 V.

Bàbá_Oníná

14 lọ́nà 39 jẹ́ 546 V ní 25 °C. Fi 9.5% kún un: 598 V. Má gbà fún wọn rárá. Sọ fún wọn kí wọ́n kọ ìṣirò Voc ní -10 °C sórí ìwé fún ọ, kí wọ́n sì so mẹ́rin yẹn mọ́ MPPT kejì, bí fólítì mẹ́rin bá tó èyí tí inverter fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹ́rin jẹ́ 156 V lórí ìwé, bíi 130 V nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Inverter kan wà tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú òpin 550 V, ìlà díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Wálé_Inverness

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjì kún un, torí ìgbà òtútù náà ni iná máa ń lọ. Storm Arwen ní Oṣù Kọkànlá 2021 pa iná ilé tó ń lọ sí mílíọ̀nù kan, àwọn kan ní Scotland àti àríwá Gẹ̀ẹ́sì sì lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú òkùnkùn.

Bátìrì tó kún kò túmọ̀ sí pé iná á wà. Bí iná ìta bá ti lọ, inverter gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ kó má bàa ti iná sí wáyà tí òṣìṣẹ́ ń tún ṣe. Kó tó lè bọ́ ilé, ó gbọ́dọ̀ ní ẹnu EPS (ibi tí iná pàjáwìrì ń gbà jáde) tí wọ́n ti so pọ̀, pẹ̀lú ohun tó ń gé ilé kúrò lára iná ìta, àti ọ̀pá earth tiyín tí wọ́n gbá sílẹ̀, nítorí ẹ kò lè gbára lé earth ilé iṣẹ́ iná mọ́ nígbà náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín bóyá gbogbo ilé ló wà lórí EPS tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ṣáwà 9.5 kW kò gbọ́dọ̀ sí lórí rẹ̀, yóò já inverter lójú ẹsẹ̀. Fíríìjì, iná yàrá, ráútà, àti bọ́ìlà gáàsì pẹ̀lú pọ́ǹpù rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Bọ́ìlà àti pọ́ǹpù kì í sábà ju 150 W lọ, ohun tí àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé nìyẹn. Bí Met Office, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́, bá ti kìlọ̀ ìjì, ẹ gbé ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nísàlẹ̀ bátìrì láti 10% sí 40%. 30% tí ẹ fi kún un lórí 9.5 kWh jẹ́ bíi 2.8 kWh, ó lè gbé bọ́ìlà àti iná kékeré la alẹ́ kan já. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè bí iná bá lọ ni 105, ọ̀fẹ́ ni.

Bí yìnyín bá bo páńẹ̀lì, ẹ má gun òrùlé, ẹ má sì da omi gbígbóná sí gíláàsì tó ti dì. Lórí òrùlé dígírì 35 á yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ sì pàdánù kò ju 1 sí 2 kWh lọ. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré lábẹ́ ibẹ̀, torí ó máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wúwo.